Ọmọkùnrin Tí Abẹ́rẹ́ Kan Mú Dákú

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Thames View lọ sí sítéṣọ̀n Barking, nílùú òyìnbó, lásìkò tí igi ń wọ́wé tí òtútù sì ń mú, ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan jókòó níwájú mi, èmi sì ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù.

Ọmọbìnrin náà gbá rọ́bà omi gbígbóná mọ́ra. “Sickle cell ló sọ mí di ìyá àgbà. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀.”

Ọmọkùnrin náà ní, “Mo lọ ọsibítù lánàá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Bí mo ṣe rí abẹ́rẹ́ báyìí, mo dákú.”

“Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan? Èmi tí iṣan mi ti ń sá pamọ́ fún nọ́ọ̀sì ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ẹ ṣe?”

Ọmọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé. “Genotype. AA ni mí.”

Láàárín wa, ọkùnrin kì í dédé sọ genotype rẹ̀ fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ń bẹ nídìí ẹ̀. Èmi alátojúbọ̀ ti kọjá ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, àmọ́ mi ò dìde.

“Ta ló ní kó o lọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

Ọmọbìnrin náà gbé rọ́bà náà lé e lórí itan. “Gbà, dì í mú. Ìwọ gan-an lara ẹ ò yá.”