Ọdún Alùpùpù Bàbá Kan

Ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ jáde kẹ́yìn, ó ń fi èékánná ha iṣu wò ní ọjà Ipata, mo bá a di àpò mú, bàbá kan àti alágbàtà tó ń bá a ta alùpùpù rẹ̀ sì ń jiyàn lẹ́yìn wa.

“Alhaji, mo ti polówó rẹ̀ lórí fóònù pé ọdún 2016 ni.”

“Ta ló rán ẹ? 2006 ni. Èmi ni mo rà á ní tuntun.”

“Ta ló fẹ́ ra arúgbó? Ẹ wo bó ṣe ń dán. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Èmi mọ̀. Ogún ọdún ló fi ń gbé mi lọ sóko. O wá fẹ́ yọ mẹ́wàá kúrò nínú iṣẹ́ tó ṣe. Mi ò tijú ọdún rẹ̀.”

“Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ẹ fẹ́ máa yìn ín?”

“Tí wọn ò bá rà á, màá gùn ún padà sílé.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, kì í sì í fẹ́ kí n sọ ọ́ níta. “Mi ò tijú ọdún rẹ̀,” ló ń tún wí nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe lẹ́yìn tó kú ni kíkọ fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀. Akọ̀wé wo ọjọ́ orí àwa méjèèjì, ó ní, “Bàbá, ó dà bíi pé ẹ ṣì í kọ. Ìyàwó yín jù yín lọ níbí.”

“Mi ò ṣì í kọ,” ni mo wí. “Ó jù mí lọ.” Mo sì buwọ́ lù ú.