Igi Ìṣáná Nínú Ihò Ògiri

Màmá, ẹ má wulẹ̀ ní kí n mú sùúrù, sùúrù ni mo mú tí mo fi ń jẹun nínú ìkòkò, gbogbo abọ́ ilé yìí ti di àpáàdì. Ẹnjiníà yín ló fà á. Mo mọ̀, àbúrò ọkọ ẹni, ọkọ ẹni ni, mi ò sì ní pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé igi ìṣáná lè gbé pẹpẹ abọ́ dúró lára búlọ́ọ̀kù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣáná. Mo ní ká pe káfíńtà, ẹ̀yin lẹ ní ọmọ ilé wà nílé. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú. Mo ra fíṣà fún un, ike kékeré tí wọ́n ń tì sínú ihò ògiri, tí súkúrù bá ti ń yí wọ inú rẹ̀, á wú, á rọ̀ mọ́ ògiri bí ọmọ tó rí nọ́ọ̀sì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ike tan ara wọn. Ló bá lu ihò, ó ki igi ìṣáná bọ̀ ọ́, ó fi òòlù gbá súkúrù wọlé. Súkúrù tí wọ́n ń yí, Màmá! Ó gbọn ọwọ́, ó ní ilé á wó kí pẹpẹ yìí tó jábọ́.

Ilé ò wó o.

Kí lẹ wí? Pé abọ́ mi ló pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ ká fi ti abọ́ sílẹ̀, abọ́ ṣeé rà. Dígí ìyá mi ńkọ́? Òun nìkan ni mo mú kúrò nílé lẹ́yìn tá a sin ín, iwájú rẹ̀ ló ti máa ń dirun fún mi. Ẹnjiníà gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àga tó máa ń jókòó sí. Láàárọ̀ yìí mo ń nu eruku ara rẹ̀, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó ń bọ̀, tòun ti igi ìṣáná! Mo fi orí gbé e bí ẹni ru omi, mo ń pe ọkọ mi, ọmọ yín ń wẹ̀, ó ń kọrin. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi tán.

Inú bí mi, mo ní kí n yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ògiri kó tó pa wá. Mo dé orí fọ́tò Ẹnjiníà fúnra rẹ̀, èyí tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni ń ro ìṣòro ayé. Mo fà á, kò mì. Mo rọ̀ mọ́ ọn, kò mì. Mo gbé fọ́tò kúrò, mo wo ihò. Fíṣà, Màmá. Fíṣà tí mo rà! Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ògiri, súkúrù yí wọ inú rẹ̀ dáadáa, kò sí ojú òòlù lórí rẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Abọ́ mi, ìṣáná. Dígí ìyá mi, ìṣáná. Ojú tirẹ̀, fíṣà.

Rárá, ẹ má bá a wí. Mi ò ní kó wá bẹ̀ mí. Dígí ìyá mi ti wà lórí fíṣà rẹ̀, ó dúró gbọnyin. Fọ́tò tirẹ̀ náà ò sọnù, mo ti ki ìṣáná padà sínú ihò tí dígí wà tẹ́lẹ̀, mo sì ti gbé e kọ́ síbẹ̀, lókè àga rẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé ìyàwó ń kí i, kó wá bá wa jẹun lọ́la. Hẹ̀hẹ̀hẹ̀! Kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà lókè orí rẹ̀. Kó ṣáà rọra jókòó.