Gẹdú Tí Mo Tú Lókùn

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná, kí àga yìí má fọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹnu mi jáde. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Àga tí ìdí mi yìí ti bà jẹ́ ní Molutehin ju èyí tí ìjì bà jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àyà ń dùn mí láti ìgbà òjò, ẹsẹ̀ mi ti wú, mo sì mọ̀ pé n kò ní yan edé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin àgbà ìlú péjọ lánàá, ẹ ní Wòsílátù, ìyàwó kejì tí Olówòkéré ọkọ mi fẹ́, kò gbọdọ̀ wá lo ìyókù ayé rẹ̀ nítòsí sàréè ọkọ rẹ̀, nítorí pé òun ló gba ibi ìkankọ̀ wa lọ́wọ́ wa tó kó o lọ sí Ugbonla. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé, pupurú tí mò ń jẹ há mi lọ́fun. Irọ́ ni. Kò gba nǹkan kan. Èmi Fẹ́yìsetán, ìyálé rẹ̀, ni mo ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró o, torí bí mo bá dúró, n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ ohun tí ibi ìkankọ̀ yẹn jẹ́ fún wa. Nígbà tí owó orí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọkọ̀ èrò tó ń gbé obìnrin àti ẹja gbígbẹ káàkiri gbogbo omi yìí, ọwọ́ ọkọ mi ni wọ́n ti ń jáde. Ìró òòlù rẹ̀ ló ń jí wa. Torí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ni ọjà fi ń kún ní èbúté wa, tí àwọn ará Araromi pàápàá fi ń wá síbí. Ìgbìmọ̀ ìlú ló fún un ní etí omi tó ń lò, wọ́n sì ń fi í yangàn níwájú Ajẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ Wòsílátù. Wòsílátù tẹ́ẹ́rẹ́ bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, eyín rẹ̀ funfun, ó ń ta iyọ̀ àti aṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ugbonla, kò sì kó wá sílé wa. Ìyẹn ì bá má dùn mí púpọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ó kan ọkọ̀ fún un. Ọkọ̀ kékeré kan báyìí, ó kun imú rẹ̀ ní búlúù. Èmi tí mo bí Táyé fún un, èmi ìyàwó akankọ̀, igbá ni mo fi ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ jíjò tí mo bá nílé ọkọ!

Moríkẹ́ ọ̀rẹ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire, kò jẹ́ kí n gbàgbé. Á ní, “Ìyá Táyé, ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ ìyàwó yín? Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun.” Mo ní kò kàn mí. Kò kàn mí, mo jẹ àwo pupurú mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà. Owú kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn jẹun, èmi ni ó ń fi ebi pa. Bí Olówòkéré bá wọkọ̀ lọ sí Ugbonla, màá jẹun títí yóò fi dé. Ìgbà tó yá, Moríkẹ́ tún dé. “Wọ́n ní ó fẹ́ kó ibi ìkankọ̀ lọ síbẹ̀ o.” Ta ni wọ́n? Kò mọ̀. N kò rí àmì kankan. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà, mo sọ ọ́ bí ẹni tó fojú rí i, mo tún fi omijé sí i. Kó tó di ọjà kejì, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìgbìmọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ̀rín ló fi í rín. Ó ní, “Ìyá Táyé, ìlú yìí kò níṣẹ́ ṣe. Gẹdú mi tuntun wà nínú omi. Ṣé mo máa ri igi síbí, kí n máa lọ kan ọkọ̀ níbòmíràn? N ó kàn mú wọn wá wò ó ni.” Ẹ mọ̀ pé akankọ̀ kì í fi gẹdú tútù sílẹ̀ fún oòrùn kó má baà là. Inú omi lábẹ́ ilé wa, mọ́ àwọn òpó tó gbé ilé dúró, ló ń dè é sí títí yóò fi gbó. Orí rẹ̀ ni mo ń dúró sí fọ abọ́. Gbogbo okùn náà ni mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé tí omi bá ti ń fà, ohunkóhun tó bá léfòó lábẹ́ ilé wa, Ugbonla ló ń forí lé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ni, omi sì ń fà. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó ń wòde. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi títí dé àyà, ìró mi léfòó yí mi ká bí ìgbòkun, gbogbo ìdí mi wà níta fún ẹja láti wò. Bí ẹnìkan bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni ì bá pa á. Mo tú okùn kìíní, mo tú èkejì. Àwọn gẹdú náà yọ orí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nì. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó fẹ̀ gan-an, ó ní ojú kókó dúdú kan. Kò fẹ́ lọ. Ó padà wá gbá mi nítan, ó dúró. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Olóyè Adégbóyè, bàbá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lápá ibẹ̀ yẹn, ló ń bi í. “Olówòkéré, a fún ọ ní etí omi. A fún ọ ní ọmọ wa láti kọ́ṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé o ń kó iṣẹ́ yìí lọ?” Ọkọ mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo igi mi.” Wọ́n lọ. Wọ́n rí òpó, wọ́n rí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọlọ́kọ̀ kan fi dé láti Ugbonla, tó ní òun rí gẹdú Olówòkéré létí omi ilé ìyá Wòsílátù. Adégbóyè ní, “Ṣé igi máa ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá àna fúnra rẹ̀ ni?” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. “Ẹ bi Ìyá Táyé. Orí gẹdú yẹn ló ti ń fọ abọ́ lójoojúmọ́. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ gbà. Ó ṣe tán, òun ló ni èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi kàn. Igi tó lè gba ìjókòó rẹ̀ ló pẹ́ kí n tó rí.” Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀ kan. Moríkẹ́ ń fi ìbòrí bo ẹnu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Bí mo bá máa sọ òótọ́ rárá, ibẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n owú ti di etí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, mo ní ó ń fi ọkọ̀ tí kò sí tan mí. Mo bọ́ sáàárín wọn, mo ní, “Mo rí i. Òun àti Wòsílátù ló fi ọkọ̀ onímú búlúù yẹn wọ́ wọn lọ.” Ta ló bi mí léèrè Wòsílátù? Kò sẹ́ni tó bi mí! Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ kún un, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Olówòkéré wò mí pẹ́. Kò bínú, bí ẹni tó ń wo ilé onílé ló ṣe wò mí. Ó wá sọ fún wọn pé, “Ẹ ní mo ti lọ. Ó dáa. Mo ti lọ náà nìyẹn.” Ó kó ayùn, ó kó òòlù, àwọn ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí Ugbonla. Ọjà náà tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà ni àárọ̀ ìlú yìí ti dákẹ́.

Ìgbà tó ṣe, Wòsílátù wa ọkọ̀ tuntun kan wá sábẹ́ ilé mi, ìyá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó. “Ìyá mi, Bàbá Táyé ní kí n gbé ọkọ̀ yín wá fún yín. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n padà wá síbí, wọn ò gbà. Ariwo òòlù náà ò jẹ́ kí ìyá mi sùn.” Mo wo ìjókòó ọkọ̀ náà, mo rí ojú kókó dúdú yẹn. Itan mi mọ igi náà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. N kò dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n dojú rẹ̀ dé sábẹ́ àjà, ibẹ̀ ló wà di òní, n kò jókòó nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ wa kú, tí Wòsílátù gbé òkú rẹ̀ wá, tí àwọn obìnrin èbúté ń pè é ní olè, tí wọ́n lé e lọ kó tó rí bí a ṣe bo erùpẹ̀ mọ́ ọkọ wa, ta ló kọ́kọ́ da omi tí a fi fọ ẹja sí i lára? Èmi yìí náà ni. Ó mọ̀ pé òun kò wọ́ gẹdú kankan. Ó mọ̀ pé èmi ni mo purọ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó wọkọ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké, bí owú bá mú yín, ẹ jẹun bíi tèmi, ẹ sanra, ẹ bú ọkọ yín lójú ara rẹ̀. Ẹ má gbé orúkọ obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ yín lọ fún ìlú. N kò ní kí ẹ̀yin àgbà dárí jì mí lónìí. Wòsílátù ni mo ṣẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dojú ọkọ̀ yẹn sókè fún mi, kí ẹ fi òwú àti ọ̀dà dí i. Ẹ gbé mi sínú rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ní láti tì mí. Ẹ wà mí lọ sí Ugbonla kí n fi orúnkún wíwú yìí kúnlẹ̀ fún un. Tó bá gbà, a ó jọ bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dí èbúté mọ́ wa. Olówòkéré mọ ìdí mi dáadáa, ó kan ìjókòó yẹn fẹ̀. Yóò gba àwa méjèèjì.