Èmi Ni Osaretin Tó Gba Àga Bàbá Lórí Gbàǹjo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní n kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo máa ń sọ gbogbo nǹkan fún. Mo rò pé yóò tán fúnra rẹ̀. Kò tán.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé Ìyá Bọ́lá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, n kò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀. Wọ́n sì ń dúró de èsì. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má baà máa wá wa kiri.

Ìlú Bìní ni mò ń gbé. Ilé ìwé gíga ló gbé mi débẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ekosodin, lẹ́yìn ilé ìwé, ni mo wà nígbà náà, nínú yàrá kan tí òjò máa ń wọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ni mo ti pàdé Ìyá Bọ́lá. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ, ọmọ ibo ni ẹ́?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ wọn. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, ilé wọn tó wà lẹ́yìn Airport Road ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Bàbá, ọkọ wọn, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní bí mo ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó yìí, ibo ni gbogbo iyán yẹn ń gbà lọ. Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Òkè Ọya. Èmi ni ọmọ tó wà nítòsí.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé tí n kò ríṣẹ́, mo gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ Sapele Road, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù tòkunbọ̀. Búléńdà, fáànù, àga, àwo, ohun tí mo bá ti rí. Àwa Yorùbá tó wà ní Bìní ní gúrúùpù kan lórí fóònù tí a ti ń ṣe gbàǹjo. Ẹni tó ní ọjà á gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, á sọ iye tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á máa fowó lé e títí Alága gúrúùpù á fi ní ó tó. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló ni ín.

N kò ní parọ́, gbàǹjo yẹn ṣe mí lóore. Firísà tí mo ń lò di òní, ibẹ̀ ni mo ti rà á lówó pọ́ọ́kú, kò sì fún mi ní wàhálà rí. Ibẹ̀ náà ni mo ti ra áyọ́ọ̀nù kan tó jó aṣọ mi, tó tún jó ọwọ́ mi mọ́ ọn. Ẹni tó tà á fún mi ní èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò. Mo bínú títí, mo tún bú sẹ́rìn-ín. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ mọ̀ wá, àwa Yorùbá. Orí fóònù náà la tún ń kúnlẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá ti fowó lé nǹkan pẹ́nrẹ́n, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ á yẹ̀ fún un. "Ẹ gbà á, mà." "Mo ti fi sílẹ̀ fún yín, sà." Ó parí nìyẹn! Ọjà tí mo fẹ́ kó gòkè á jókòó sójú kan. Màmá kan gba ẹ̀rọ ìfọṣọ mi lówó yẹpẹrẹ, wọ́n tún wá ń ṣàdúrà fún mi. Orí mi gbóná lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣé àdúrà ni màá kó fún onílé ni?

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Rárá o, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ èṣù. Èmi ni mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ra síìmù tuntun, mo fi í sínú fóònù mi àtijọ́, mo pe ara mi ní Osaretin, orúkọ ọmọ Ẹ̀dó. Mo fà á wọ gúrúùpù, mo ní oníbàárà mi ni. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ọmọ Ẹ̀dó kò mọ ẹni tó jẹ́ Ìyá Ìjọ láàárín wa, kò mọ ẹni tó jẹ́ Bàbá Ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó máa retí pé kó yẹ̀. Bí àgbà bá ti fowó lé ọjà mi tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, Osaretin á yọjú, á ní, "I don add my own." Àgbà á tún lé e. Tó bá ti ga tó bí mo ṣe fẹ́, Osaretin á panu mọ́.

Wọ́n ń bú Osaretin nínú gúrúùpù. Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀dó yìí ò mọ àgbà. Èmi náà á bá wọn dá sí i. Ẹ wo ìwà ìkà! Àwọn ọmọ Ẹ̀dó tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà kì í kọjá lára mi láìkí mi, mo sì jókòó ń ba orúkọ wọn jẹ́.

Nígbà méjì, Osaretin lé owó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ọjà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sọ pé kò sanwó, mo tà á fún ẹni tó tẹ̀lé e. Ni Alága bá kìlọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á pe nọ́ńbà náà, òun á sì lé Osaretin àti ẹni tó fà á wọlé jáde. Ṣùgbọ́n n kò jáwọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Màmá, Ìyá Bọ́lá, ló ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga oníke, láti orí àga oníke lọ sí balùwẹ̀. Mo máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ráyè. Ohun tí Bàbá ń tọrọ kò pọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà gbé àwọn jókòó sẹ́nu géètì, kí àwọn máa wo àwọn tó ń kọjá. Agbára Màmá kò gbé e débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń bá mi kó ẹrù já àga onítáyà kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri. Ó dára, táyà rẹ̀ ń yí geere. Wọ́n ti fi awọ búlúù pààrọ̀ ibi ìgbápálé rẹ̀ kan, ìkejì sì dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, Màmá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní màá gbé e fún wọn. Ìgbà tó ṣe, mo ro iye tí mo rà á, mo tún ro owó ilé. Mo ní kí n gbé e sí gbàǹjo ná. Wọ́n á rí i, àwọn èèyàn á yẹ̀ fún wọn, Osaretin á kàn tì í sókè díẹ̀ kí owó mi lè padà. Díẹ̀ péré ni mo ní lọ́kàn.

Màmá fowó lé e. Gbogbo gúrúùpù yẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ti Bàbá wa nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn dù ú." Osaretin lé e. Màmá lé e. Osaretin tún lé e. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, fóònù kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkejì lọ́wọ́ òsì. Mo ní bí Màmá bá ti lé e lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, màá dákẹ́.

Màmá ò lé e mọ́. Ohùn wọn ló wọlé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bú ọmọ yẹn mọ́. Ẹni tó bá ń du àga aláìsàn báyìí, aláìsàn tiẹ̀ á le ju tèmi lọ. Tèmi ṣì ń rí àga oníke jókòó lé. Osaretin, take am, my pikin. God go heal your person." Wọ́n ṣe àmín fúnra wọn.

Mo gbé! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Àmín" tẹ̀léra. Alága kọ ọ́ pé ọjà ti di ti Osaretin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Bí mo bá sọ pé Osaretin ò sanwó, Alága á pè é, fóònù náà á sì dún lábẹ́ pílò mi. Bí wọ́n bá lé mi jáde, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Bí mo ṣe kọ ọ́ pé Osaretin ti sanwó nìyẹn, pé ó ti wá gbé e lọ. Mo fi aṣọ bo àga náà, mo tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní màá rí ọgbọ́n kan dá sí i láìpẹ́.

Ọgbọ́n wo? Bí mo bá gbé e fún Màmá, wọ́n á rí awọ búlúù yẹn, wọ́n á béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní màá ra òmíràn fún wọn, owó ò sí. Ọjọ́ ń lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, fóònù àtijọ́ yẹn dún. Màmá ti mú nọ́ńbà Osaretin nínú gúrúùpù, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí i. "My pikin, how your person dey?" N kò jẹ́ fi ohùn mi dá wọn lóhùn, wọ́n á mọ̀ mí. Mo kọ ọ́ pé màmá mi ni aláìsàn náà, pé ó ń gbìyànjú. Màmá tèmi gan-an wà ní Ọ̀ṣun o, kò sí ohun tó ṣe é, epo ló ń tà. Ẹ wo ohun tí mo fi ẹnu mi fà lé ìyá mi lórí.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á béèrè màmá Osaretin. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa ẹ̀yìn aláìsàn kó má baà dá egbò. Wọ́n á ní kó máa fi sùúrù bọ́ ọ, kó má pariwo mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, mo máa ń wà ní pálọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ sínú fóònù. Fóònù Osaretin á wà nínú báàgì mi, mo ti pa á lẹ́nu mọ́. Màá máa bá wọn bó ẹ̀pà jẹ.

Nígbà tó yá, àga oníke yẹn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ Bàbá. Wọ́n ṣubú, egungun itan wọn ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà wọn ò jókòó mọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá ń sunkún, wọ́n ń di ẹ̀bi ru ara wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni n kò dì wọ́n mú dáadáa. Èmi ni mo fà á." Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, àní mo rò pé mo ti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Mo wá gba ìgbálẹ̀, mo ń gbá ike tó fọ́ jáde.

Bàbá ṣaláìsí lóṣù tó kọjá. Wọn ò dé ẹnu géètì yẹn títí wọ́n fi lọ. Mo sáré kiri nígbà ìsìnkú bí ọmọ tí wọ́n bí. Gbogbo èèyàn ń yìn mí, Bọ́lá gan-an dì mọ́ mi, ó ní òun ò lè san oore mi. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo tó tan fóònù Osaretin. Ohùn Màmá ló wà níbẹ̀. Wọ́n da píjìn pọ̀ mọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Wọ́n ní, "Osaretin ọmọ mi, bàbá tèmi ti lọ. Mo sọ fún ọ nígbà kan pé bí ara màmá rẹ bá yá, kó o rántí wa pẹ̀lú àga yẹn. Má ronú nípa ẹ̀ mọ́, jẹ́ kó máa lò ó. Ọwọ́ mi ló ṣófo. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo ṣì ń gbé omi kaná, ìgbà tó bá hó ni mo máa ń rántí pé kò sẹ́ni tí màá wẹ̀ mọ́. Sọ ibi tí ilé yín wà fún mi. Màá máa wá bá ọ wẹ màmá rẹ láàárọ̀, kí ìwọ náà lè ráyè lọ síbi iṣẹ́."

N kò dáhùn. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbàgbé. Ní àárọ̀ yìí, wọ́n pe fóònù tèmi gan-an. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Osaretin ò dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí ìyá ẹ̀. Ìwọ lo ṣáà ta àga fún un, o ò lè ṣàìmọ ilé wọn. Mo ti ra ọṣẹ àti kànrìnkàn tuntun. Màá yà sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ lọ."

Mo ní, "Ó dáa, mà." Ẹ dákun, kí ni ǹ bá tún sọ?

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Àga náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ni mo fi bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ bú mi tó bó ṣe wù yín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí Sátidé tó pé. Ibo ni kí n mú wọn lọ?