Mo Gbé Ìyá Oyin Bàbá Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ oyin fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun máa pè mí síwájú kí ìjọ lè gbàdúrà fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀kà ni mò ń gbé, Ìkàrẹ́ ni Bàbá wà. Ó ní àpótí oyin kan tó yà sọ́tọ̀, kì í gé oyin inú rẹ̀ tà rárá. Ọmọ oyin ló ń fi í tọ́. Ẹni tí oyin rẹ̀ bá ń kú lọ, Bàbá á yọ afárá tó kún fún ọmọ níbẹ̀, á ní kó lọ fi kún tirẹ̀. Ó fún èmi náà rí. Mi ò tọ́jú rẹ̀, èèrà jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá wó, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Èmi ló ní kí n máa bá òun wo àpótí náà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá oyin tèmi, ẹyọ kan tó ń yé ẹyin fún gbogbo wọn, kú. Ojú tì mí láti tún tọrọ. Mo ṣí àpótí Bàbá, mo kó afárá ọmọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìyá wọn mọ́ ọn. Afárá kékeré kan péré ni mo fi sílẹ̀.

Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ní ìyá oyin rẹ̀ ti kú. Ó bi mí pé:

"Ṣé ẹyin ṣẹ́ kù níbẹ̀?"

Mo ní ó ṣẹ́ kù díẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n, ọmọ mi. Wọ́n á fi ṣe ìyá."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú rí i. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n, ẹnu yà mí. Àwọn oyin tí mo jà lólè ti mọ ilé gígùn kan sára afárá yẹn, ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀pà tí a ò tíì pa. Ìdin tí ìbá di oyin lásán ni wọ́n ń bọ́ lọ́tọ̀ níbẹ̀, kó lè di ìyá. Nígbà tó yá, mo gbé etí lé àpótí, mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ń ké nínú rẹ̀, bí ẹni ń fọn fèrè: ìyá tuntun ló ń ké. Mo kúnlẹ̀ sórí àpáta tí wọ́n gbé àpótí náà lé. Mi ò tètè mọ̀ pé mò ń sunkún.

Ara Bàbá yá, ó padà wálé, ó bá àpótí náà tó kún fọ́fọ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Bí Ọlọ́run ṣe gbé oyin yìí dìde ló gbé èmi náà dìde. Ìwọ lo sì ṣọ́ wọn."

Ibẹ̀ náà ló ti dárúkọ ìdúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Iṣẹ́ ìyanu yẹn, òótọ́ ni, ojú mi ló ṣe. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ Bàbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún un nílé kí ọjọ́ náà tó pé, àbí kí n tẹ́wọ́ gba àdúrà tí kì í ṣe tèmi?