Orin Keje Lórí Àwo Wa

Alága wa, Pak Suhanda. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò Cicadas. Ẹ̀yin onígìtá àti onílù tí ẹ la òjò Bandung kọjá wá sìn mí. Ceu Entin, ìyàwó Kang Yayat olóògbé, tí ẹ̀yin àti ọmọ yín jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Èmi Engkus ni mo dúró yìí. Kíláàsì kẹta ni mo ti sá kúrò nílé ìwé, tí mo wọ ilé iṣẹ́ ahunṣọ. Pákó ilẹ̀kùn ni mo fi gbẹ́ gìtá bẹ́ẹ̀sì mi àkọ́kọ́, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni mo ta sí i. Ta ló kọ́ mi? Kò sí. Láti ibí títí dé Surabaya, ẹ wá ẹni tó lè fi ìka mẹ́rin ṣe ohun tí mo fi ṣe, kí ẹ mú un wá kí n rí i. Ṣùgbọ́n ìka náà ti kú báyìí. Bí mo bá tẹ okùn gìtá, n kì í mọ̀ pé mo tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e sílẹ̀.

Àwo rọ́ọ̀kì wa, èyí tí kò ní orin ẹnu rárá, tí gìtá mi ń ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló sọ mí di ẹni tí ẹ ń pọ́n lé. Didin onílù, ìwọ lo gbé mi ró, èmi ni mo gba ìyìn, o ṣeun. Ẹ máa ń sọ pé ọgbọ́n orí mi ló jẹ́ kí n dá a láṣà pé ká má fi akọrin sí i. Irọ́ ni mo fi ń tàn yín.

Kang Yayat, akọrin wa, kọrin sí gbogbo rẹ̀, orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Kang Engkus, ṣé bẹ́ẹ̀sì rẹ kì í mí ni? Jẹ́ kí ọ̀fun tèmi náà rí ọ̀nà kọjá." Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá yà sí sítúdíò, ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Nígbà yẹn téèpù ṣọ̀wọ́n, a máa ń gba orin tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ti àtijọ́ á sì parẹ́. Lọ́jọ́ tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Garut, mo jókòó, mo gba gìtá mi lé ohùn rẹ̀ lórí, orin kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní bó bá dé, a ó jà, a ó sì parí ìjà. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ ré sí àfonífojì. Kò dé mọ́.

Ceu Entin, nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tó kú, ẹ wá bá mi pẹ̀lú oyún rẹ̀ nínú. Ẹ ní, "Kang, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ku ohùn rẹ̀ kankan ni? Kí ọmọ yìí ṣáà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan." Mo ní omi òjò ló ba téèpù jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi mà ti ju ogún lọ. Ẹyin lohùn ọkọ yín. Ọwọ́ mi yìí ló là á mọ́lẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ orin keje, ẹnì kan ń ka ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè wa: hiji, dua, tilu. Bí ẹ bá bi mí ta ni, mo máa ń ní èmi ni. Èmi kọ́. Ibẹ̀ nìkan ni gìtá mi kò dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìgbéraga gba ohun tí ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ yín. Kí ilé kálukú yín má dákẹ́. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Didin, tan ẹ̀rọ. Ceu Entin, ẹ fa ọmọ yín mọ́ra kó gbọ́ bàbá rẹ̀. Didin, bó bá ti ka ẹ̀ta tán, kí o pa á, kí gìtá mi tó wọlé.

Ẹ ṣé o.