Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Nínú Fíìmù Chancelle

Ẹ̀yin ará Pobè àti Sakété tí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lórí rédíò, irọ́ ni mo pa fún yín. Ara mi kò yá mọ́, n kò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi tún un ṣe.

Ẹ rántí fíìmù ìgbéyàwó tí Chancelle, ọmọ àbúrò mi Berthe, ṣe. Nínú rẹ̀, wọ́n ti ìyá ìyàwó mọ́ yàrá. Ó ń fi bàtà kan ilẹ̀kùn, orin kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Pobè, àwọn obìnrin sunkún. Pacôme oníròyìn wá bi mí lórí rédíò pé, "Ìyá Ládiípọ̀, àgbà ni yín. Ṣé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa?" Mo ní, "Ó tì o. Ta ló ń ti ìyá ìyàwó mọ́lé? Ọmọ yìí kò mọ àṣà ni." Ẹ gbà á lẹ́nu mi, ẹ ní irọ́ ni fíìmù náà. Láyọ̀ tó ń ta gàrí ní Sakété ní kí Chancelle lọ máa ya àwòrán ewúrẹ́, pé ewúrẹ́ ò ní mọ̀ bó bá parọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ti Berthe mọ́lé, lọ́jọ́ ìgbéyàwó Chancelle gan-an. Wọ́n ń sọ pé Berthe ń mu ọtí sódábì, mo ní á dójú tì wá níwájú àwọn àna. Ṣé ìtìjú ni, àbí ìlara? N kò bímọ obìnrin rí. Mo ní kó bá mi mú agbọ̀n kan nínú yàrá àgbàdo. Bó ṣe kọjá lára mi, òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́, kì í ṣe ti ọtí. Síbẹ̀ mo ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà, ó fi ń kàn án: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pe ìyá ìyàwó." Èmi ni mo lọ jẹ́ ìpè náà. Chancelle kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre fún un. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló kọ̀ tí kò wá. Nígbà tí mo wá ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ fún Berthe pé ọmọ rẹ̀ ni kò fẹ́ rí i. Láti ìgbà náà Berthe wà ní Igana, ọmọ rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ wò, èmi ni ó ń pè ní Màmá.

Lẹ́yìn fíìmù náà, mo bi Chancelle pé níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn. Ó ní, "Màmá, mo kàn rò ó ni. Mo fẹ́ kí nǹkan kan ti dá ìyá mi dúró." Bàtà náà ńkọ́? Ta ló sọ fún un? Àbí ó gbọ́ ọ nígbà tó kúnlẹ̀, tí kò mọ ohun tó gbọ́? Títí dòní, n kò mọ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ mi, ó yọ ilẹ̀kùn náà kúrò. Nínú fíìmù tuntun, ìyá kàn kọ̀ tí kò wá ni. Nígbà tí wọ́n fi í hàn ní Sakété, ẹ ní ó ti wá jọ òótọ́. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú ìyá náà: "Irú abiyamọ wo rèé?" Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ló gbé ọwọ́ mi sókè?

Chancelle, fíìmù àkọ́kọ́ ni òótọ́. Dá ilẹ̀kùn náà padà. Bí o bá fẹ́ dárí jì mí, bí o kò sì fẹ́, kọ́kọ́ lọ sí Igana ná. Kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ. Ire tí mo sú fún ọ lọ́jọ́ náà, èmi kọ́ ló ni ín.